Kálámù Onígi tí a Yí lórí Ẹ̀rọ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn tí ó ń gba kálámù onígi lọ́wọ́ mi àti àwọn tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà máa ń bi mí ní ìbéèrè tí ó jọra. Mo kó ìdáhùn wọn jọ síhìn-ín, kí ẹni tí ó fẹ́ rà lè mọ ohun tí ó ń sanwó fún, kí ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ọ sì lè mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti le. Ẹ ó rí i pé ohun tí ojú kì í rí, ìyẹn ihò, páìpù àti gúlúù, ni mo sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Ibẹ̀ ni kálámù ti ń bàjẹ́, kì í ṣe ojú rẹ̀ tí ó ń dán.

Kí ni à ń pè ní kálámù tí a yí lórí ẹ̀rọ?

Báírò tàbí kálámù onítàdáwà ni, tí ara rẹ̀ jẹ́ igi, tí inú rẹ̀ sì jẹ́ idẹ àti irin. A ó gé igi sí ègé kékeré, a ó lu ihò sí i láàárín láti orí dé ìdí, a ó lẹ páìpù idẹ mọ́ inú ihò náà, a ó wá ki í bọ ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀rọ ń yí bírí-bírí, a ó sì máa fi irin ẹlẹ́nu mímú fá a títí yóò fi rí roboto, tí yóò sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi tí ìka mẹ́ta lè gbá a mú láìnira. Ẹ̀rọ náà ni wọ́n ń pè ní lathe lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ ayígi ni èmi yóò máa pè é. Lọ́wọ́ agbẹ́gilére, igi a dúró, ọ̀bẹ a sì máa rìn lára rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ yìí, igi ni ó ń yí, irin ni ó ń dúró dè é. Bí ẹ bá ti rí ẹsẹ̀ àga tàbí òpó àtẹ̀gùn onígi tí ó rí roboto, tí ó ní ọrùn àti ìbàdí, irú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n fi ṣe é. Ti kálámù kàn kéré ni.

Nípa orúkọ báírò fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ ọmọ ilẹ̀ Hungary kan tí ń jẹ́ László Bíró ni ó ti wá, ẹni tí ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí kálámù tí ó ní bọ́ọ̀lù irin kékeré lẹ́nu ní ọdún 1938. Orúkọ ènìyàn ni a sọ di orúkọ ohun èlò láìfura.

Ṣé ẹ̀yin náà ni ẹ ń ṣe irin tí ó wà nínú rẹ̀?

Rárá. Ẹnu rẹ̀, ìkọ́ tí a fi ń há a sí àpò, òrùka àárín, àti ẹ̀rọ kékeré tí a ń yí kí ẹnu náà lè jáde, gbogbo wọn lápapọ̀ ni à ń rà, ilẹ̀ òkèèrè sì ni wọ́n ti ń wá. Èyí tí mo máa ń dámọ̀ràn fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Slimline, tí páìpù idẹ rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ ní mìlímítà 7. Ó rọrùn láti rí, kò sì wọ́n bí àwọn yòókù.

Igi wo ni ó dára jù?

Igi tí ó le, tí ó gbẹ, tí ojú ara rẹ̀ sì ṣù pọ̀. Ègé tí a nílò kò ju nǹkan bí mìlímítà 19 ní ìbú àti 130 ní gígùn lọ, nítorí náà kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi gé igi lulẹ̀ tìtorí kálámù. Ní ọjà pákó Bódìjà ní Ìbàdàn, ègé tí àwọn onípákó fẹ́ kó dà sínú iná lè tó ẹ ṣe fún oṣù mélòó kan.

Ìrókò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè, mo sì gbà pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń rà jù àwọ̀ rẹ̀ lọ. Ó dára, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń dúdú sí i bí ó bá ti ń pẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ẹ ó bá ohun funfun líle kan bí ẹfun nínú rẹ̀. Òkúta gidi ni, igi náà ni ó ṣe é fúnra rẹ̀, ó sì máa ń mú kí ẹnu irin kújú lójijì. Apá le ju ìrókò lọ, ó pọ́n dáadáa, ó sì máa ń dán bí gíláàsì. Ọ̀gánwó rọrùn fún ọwọ́ ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́. Arère rọ̀ jù, nítorí èékánná lásán lè fi àmì sí i lára. Tíìkì ní epo nínú, ó sì yẹ kí a fi asítónì (omi tí a fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò) nù ún kí a tó lẹ ohunkóhun mọ́ ọn.

Igi osùn ni àwọ̀ rẹ̀ máa ń ya ènìyàn lẹ́nu jù lọ, ó pọ́n bí ẹ ṣe mọ osùn tí wọ́n ń fi pa ara ọmọ tuntun. Ẹ má ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi funfun láìronú, nítorí pé bí ẹ bá ti ń fi sáńpépà ha wọ́n pọ̀, ìyẹ̀fun pupa rẹ̀ yóò wọ inú igi funfun náà, kò sì ní jáde mọ́. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà pé pupa náà kì í dúró títí. Bí oòrùn bá ń pa á lójoojúmọ́, yóò ṣú.

Bí ẹ bá bi mí ní tèmi, igi ọsàn ni n óò mú. Kò sí ní ọjà pákó, inú àgbàlá àti oko ni ó wà. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹyin tí a lù, ara rẹ̀ ṣù pọ̀, irin sì máa ń kọjá lórí rẹ̀ bí ọ̀bẹ lórí wàràkàṣì. Igi gúáfà náà jọ ọ́. Igi ọ̀pẹ lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n iṣan rẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́ tí a gún sínú ìyẹ̀fun: abẹ́rẹ́ le, ìyẹ̀fun rọ̀, irin a sì máa fa abẹ́rẹ́ yọ. Àfi kí a máa fi súpà gúlúù tí ó ṣàn dáadáa rin ín léraléra kí a tó lè fá a.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé igi ti gbẹ?

Òṣùwọ̀n ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú. Ẹ gé igi sí ègé tí ó yẹ fún kálámù, ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tí ń ṣe kéèkì ń lò, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ìwọ̀n àti ọjọ́ sára rẹ̀, kí ẹ sì gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tí oòrùn kò dé. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá yí padà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, igi náà ti bá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dọ́gba.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí nìyí. Igi kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ súnkì ní gígùn, ní ìbú ni ó ti ń súnkì, páìpù idẹ inú rẹ̀ kò sì ní bá a súnkì. Bí igi bá ń fún mọ́ idẹ tí kò gbà fún un, igi ni yóò là. Mo ti rí kálámù tí a ṣe ní oṣù Keje, nígbà tí òjò ń rọ̀, tí ó dán tí ó sì pé, tí ó sì là láti orí dé ìdí nígbà tí ọyẹ́ dé ní oṣù Kejìlá. Èmi ni mo ṣe kálámù náà. Mo san owó oníbàárà padà, mo sì ra òṣùwọ̀n.

Ti ẹni tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Chicago tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ilé tí wọ́n ń mú gbóná nígbà òtútù máa ń gbẹ ju ọyẹ́ ilé wa lọ. Igi tí mo bá fẹ́ lò fún irú wọn máa ń lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i nínú àpótí tí gílóòbù kékeré kan ń mú lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó lu ihò sí i.

Mo ní igi kan láti ilé àwọn òbí mi. Ṣé ẹ lè fi ṣe kálámù fún mi?

Bẹ́ẹ̀ ni, òun sì ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù. Wọ́n ti gbé fèrèsé àtijọ́, apá àga, ọ̀pá ìtìlẹ̀ àti ìdí ibùsùn wá fún mi. Ìyá kan gbé ọmọ odó wá, èyí tí ìyá tirẹ̀ fi gún iyán fún un nígbà èwe, ó sì ní kí n yọ kálámù márùn-ún níbẹ̀ fún àwọn ọmọ òun. Ọmọ odó a máa le, ó sì ti gbẹ láti ọdún gbọ́nhan, nítorí náà igi náà kò fún mi ní wàhálà kankan. Wàhálà tí ó wà ni pé orí tí ó ń bọ́ sínú odó ti kún fún ẹ̀rúnrún iṣu àti omi, ó sì ti fọ́ wẹ́wẹ́. Àárín rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú, ni mo lò, mo sì rò pé ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gé igi náà fúnra yín kí ẹ tó gbé e wá. Ẹ gbé e wá bí ó ṣe wà, kí n lè yan ibi tí iṣan rẹ̀ ti tọ́. Ìṣó tí ó fara pamọ́ sínú rẹ̀ máa ń ba ayùn jẹ́, nítorí náà òòfà ni mo kọ́kọ́ máa ń fi wá gbogbo ara rẹ̀. Bí ọ̀dà àtijọ́ bá wà lára rẹ̀, mi ò ní ha á kúrò ní gbígbẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé ìgbà náà ní òjé nínú. Bí kòkòrò bá sì ti jẹ ẹ́, a lè di ojú ihò náà pẹ̀lú resin aláwọ̀ (omi tí ó máa ń le bí ike), ṣùgbọ́n èyí tí ikán ti sọ di ìyẹ̀fun kò ṣeé gbà là.

Irinṣẹ́ wo ni mo nílò láti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀rọ ayígi kékeré, ayùn, irin ìfági méjì (ọ̀kan oníkòtò fún gbígé igi onígun mẹ́rin di roboto, ọ̀kan ẹlẹ́nu dídagun fún títún un ṣe), òkúta tàbí ẹ̀rọ tí ẹ ó fi máa pọ́n wọn, irin ìlùhò oníwọ̀n mìlímítà 7, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú àwọn òrùka irin rẹ̀, irin tí a fi ń mú ẹnu igi tẹ́jú, gúlúù, àti sáńpépà oríṣiríṣi. Bí owó bá kéré, ẹ dín in kù níbi gbogbo àyàfi níbi pípọ́n irin. Irin tí ó kújú kì í gé igi, ó ń fà á ya ni, ó sì lè gbé ègé igi lu yín lójú.

Ṣé mo lè lo ẹ̀rọ àwọn onírin tí ó wà ní abúlé mẹkáníìkì?

Ẹ lè lò ó. Ó wúwo, ó sì dúró ṣinṣin, ó tilẹ̀ dára gan-an fún lílu ihò. Ohun tí àwọn tí ó ni ín kò fẹ́ ni ìyẹ̀fun igi, nítorí pé ó máa ń mu epo tí wọ́n fi sára irin ẹ̀rọ náà, ó sì ń fa ìpẹtà. Ẹ fi aṣọ bo ojú irin náà, kí ẹ sì gbá a mọ́ dáadáa kí ẹ tó lọ.

Ṣé jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé e?

Mọ́tò ẹ̀rọ ayígi kékeré máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdajì agbára ẹṣin, tí ó súnmọ́ 370 wáàtì. Nígbà tí ó bá ń gbéra, yóò fa iná tí ó ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mélòó kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí àwọn ènìyàn ń pè ní «I better pass my neighbour» lè gbé e, ó sì lè kọ̀. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni iná tí ó ń lọ sókè sódò, nítorí ó ń yí ìyára ẹ̀rọ padà nígbà tí irin ṣì wà lára igi. Bí iná bá lọ, ẹ kọ́kọ́ fa irin kúrò lára igi, lẹ́yìn náà ni kí ẹ pa suwíìṣì, kí ẹ̀rọ má ba à gbéra fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá dé.

Kí ni ó fà á tí igi mi fi ń ya nígbà tí mo bá ń lu ihò?

Ìbéèrè yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lójú ewé yìí. Ohun mẹ́ta ni ó máa ń fà á: ooru, ìkánjú, àti ìdí igi tí kò ní ohun tí ó tì í lẹ́yìn.

Kí ẹ tó gé igi sí méjì, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ilà kan sí i lára láti orí dé ìdí, kí ẹ lè mọ bí wọ́n ṣe máa tún pàdé. Kálámù tí iṣan igi rẹ̀ já láàárín máa ń dà bí aṣọ tí kò bára mu. Ẹ gé ègé kọ̀ọ̀kan kí ó fi nǹkan bí mìlímítà 3 gùn ju páìpù rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa yí díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ wọlé díẹ̀, ẹ fa irin jáde pátápátá kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ dà nù, kí ẹ tún wọlé. Bí ẹ kò bá fà á jáde, ìdọ̀tí náà yóò há, ooru yóò gbé, igi yóò sì là láti inú, níbi tí ẹ kò ti ní rí i títí ẹ ó fi fá a tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ́bónì, igi dúdú líle nì, kò gba ooru rárá.

Ibi tí irin ti ń jáde ni igi ti máa ń fọ́ jù. Èmi kì í jẹ́ kí ó jáde. Mo máa ń fi ègé náà sílẹ̀ kí ó gùn díẹ̀ sí i, mo máa ń dúró nígbà tí ó bá ku díẹ̀ kí irin yọ sí òdì kejì, mo sì máa ń fi ayùn gé ìdí náà kúrò títí ihò yóò fi là sí ojú.

Gúlúù wo ni kí n fi lẹ páìpù?

Ẹ kọ́kọ́ fi sáńpépà ha ara páìpù idẹ náà kí dídán rẹ̀ lọ, nítorí pé gúlúù kì í di ohun tí ń yọ̀ mú. Súpà gúlúù tí ó ki yá, àmọ́ kò ní àánú: bí ẹ bá dúró láàárín ọ̀nà, yóò gbá páìpù mú níbẹ̀, ìdajì nínú, ìdajì níta, igi náà sì ti lọ nìyẹn. Epoxy olómi méjì, èyí tí a ń pò pọ̀, máa ń fún ènìyàn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti tún un ṣe, ó sì máa ń dí àlàfo tí ó bá wà láàárín igi àti idẹ. Òun ni mo ń lò fún iṣẹ́ oníbàárà. Ẹ máa yí páìpù náà bí ẹ bá ṣe ń tì í wọlé, kí gúlúù lè kan gbogbo ara rẹ̀.

Kí gúlúù má ba à wọ inú páìpù, ẹ gún ẹnu rẹ̀ mọ́ ègé ànàmọ́ òyìnbó tútù kan kí ẹ tó tì í wọlé. Ègé náà yóò dí ẹnu rẹ̀, yóò sì rọrùn láti tì jáde lẹ́yìn náà. Iṣu náà ṣe é, mo ti dán an wò.

Nígbà tí gúlúù bá gbẹ, ẹ mú ẹnu igi méjèèjì tẹ́jú títí irin yóò fi kan idẹ, kí ó sì dúró gbọnrangandan pẹ̀lú páìpù. Ẹ dúró nígbà tí ẹ bá rí idẹ tí ń dán yíká. Bí ẹ bá kọjá ibẹ̀, páìpù ti kúrú jù, ẹnu báírò yóò sì máa yọ síta títí ayé.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ìgbà tí igi ti tẹ́ẹ́rẹ́ tó?

Òrùka irin tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ igi lórí ọ̀pá ni ó ń sọ ọ́: ẹnu igi gbọ́dọ̀ bá òrùka náà dọ́gba, kí ìka má ba à kọ́ níbi tí igi ti pàdé irin. Àmọ́ òrùka náà ń jẹ díẹ̀díẹ̀ nítorí sáńpépà, nítorí náà mo máa ń fi kálípà (irin tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó) wọn irin kálámù náà gan-an. Àárín jẹ́ tiyín. Ẹ lè jẹ́ kí ó sanra tàbí kí ó fún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí igi ṣì ní igun mẹ́rin, kí ẹ sì gbé e dé 2,500 tàbí 3,000 nígbà tí ó bá ti rí roboto.

Kí ni ẹ fi ń mú un dán?

Sáńpépà ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà 150 tàbí 180 (bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni sáńpépà ṣe kúnná tó), ẹ lọ sí 240, 320, 400, 600. Kí ẹ tó kúrò ní ọ̀kan, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ fi sáńpépà náà ha igi ní gígùn láti orí dé ìdí, kí àwọn ilà tí ó yí i ká lè parẹ́. Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń fò nìyí, ilà náà kò sì ní hàn títí ìdán yóò fi dé orí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ka méjì ni ó wà. Ṣẹ́láàkì (oje kòkòrò tí a fi ń mú igi dán) tí a pò mọ́ ìda máa ń jẹ́ kí igi dà bí igi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òógùn ìka yóò jẹ ẹ́ kúrò láàárín oṣù díẹ̀. Súpà gúlúù tí a fi bébà nù sí i ní ìtẹ́lé mẹ́jọ sí méjìlá máa ń le bí gíláàsì, ó sì ń pẹ́, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí igi dà bí ike díẹ̀. Mo máa ń bi oníbàárà kí n tó yàn. Ẹ má ṣe fi òwú tàbí aṣọ òwú nu súpà gúlúù o. Bí gúlúù náà bá kan òwú, ooru tí yóò mú jáde lè jó ọwọ́ yín, ó sì lè rú èéfín.

Ṣé ẹ lè kọ orúkọ mi sí i pẹ̀lú àmì ohùn?

Mo lè kọ ọ́, mo sì máa ń rọ ènìyàn pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Iná lésà ni a fi ń kọ ọ́, kọ̀ǹpútà ni ó sì ń darí rẹ̀. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹ tí ó ní àmì nísàlẹ̀ àti àmì ohùn lórí, bí èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Ẹ̀bùn, kì í ṣe ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà kan ni pẹ̀lú àmì ohùn tí a gbé lé e lórí lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ètò tí ó ń darí ẹ̀rọ lésà kò mọ bí a ṣe ń tò wọ́n, àmì náà yóò sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kí ó di àpótí òfìfo. Ọ̀nà tí mo ń gbà ni pé mo máa ń kọ orúkọ náà pẹ̀lú irú lẹ́tà tí ó gba èdè Yorùbá dáadáa, n óò sọ ọ́ di àwòrán, àwòrán náà ni n óò sì fún ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ yín ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Mi ò ní fi àmì sí orúkọ ẹlòmíràn nípa àbá, nítorí pé ìdílé ni ó mọ bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ wọn. Ara kálámù kò sì fẹ̀: bí ó bá nípọn ní mìlímítà 10, ìyípo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 31, ojú sì lè rí bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Orúkọ kan tàbí méjì tó. Kò lè gba oríkì.

Ṣé aṣọ òkè lè wọ inú kálámù?

Ó lè wọ̀ ọ́, ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀. A ó ké aṣọ náà wẹ́wẹ́, a ó wé e mọ́ páìpù idẹ, a ó gbé e sínú ohun tí ó dà bí àpótí kékeré, a ó da resin tí ó mọ́ gaara lé e lórí, a ó sì gbé e sínú ìkòkò tí a fi afẹ́fẹ́ tẹ̀, kí ìfófòó inú rẹ̀ lè parẹ́. Ní ọjọ́ kejì, a ó yí i bí igi. Ẹ rántí pé resin máa ń sọ aṣọ di bí aṣọ tí ó tutù: sányán yóò ṣú, etù yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú pátápátá, àlàárì ni kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Mo máa ń fi ọ̀dà funfun kun páìpù kí àwọ̀ idẹ má ba à yọ láti abẹ́ aṣọ. Ọnà ńlá ara aṣọ kò ní hàn, nítorí pé ìyípo páìpù náà kò ju mìlímítà 22 lọ. Ẹ mú ibi tí ilà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́.

Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe ọ̀já tí ó lọ́ mọ́ra lára igi?

A ó fi ayùn gé igi onígun mẹ́rin náà ní dídagun, a ó lẹ igi pẹlẹbẹ aláwọ̀ mìíràn sáàárín, a ó jẹ́ kí ó gbẹ, a ó yí igi sí ojú kejì, a ó tún gé e, títí ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi pé. Igi pẹlẹbẹ náà gbọ́dọ̀ nípọn gẹ́lẹ́ bí ojú tí ayùn gé. Bí ó bá nípọn jù, àwọn ọ̀já náà kò ní pàdé. Nígbà tí a bá yí i, wọ́n á lọ́ mọ́ra bí irun tí a di. Agolo ohun mímu náà ṣe é fi sí i fún ilà tí ó dà bí fàdákà, àmọ́ ìyẹ̀fun eérú rẹ̀ máa ń ba igi funfun jẹ́.

Ṣé ẹ ń lo eyín erin?

Rárá.

Ewu wo ni ó wà nínú iṣẹ́ náà?

Ojú àti ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ lo ìbojú oníke tí ó bo gbogbo ojú, kì í ṣe jígí lásán. Àjọ IARC, tí ó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lágbàáyé, ti ka ìyẹ̀fun igi mọ́ ohun tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ láti ọdún 1995, ìyẹ̀fun ìrókò ní tirẹ̀ sì máa ń fa ikọ́ efée àti ara yíyún fún àwọn kan. Igi máńgòrò àti kajú lè mú kí awọ ara wú. Ẹ lo ìbomú tí ó fún mọ́ imú dáadáa. Ẹ má ṣe wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́, ẹ di gèlè tàbí irun sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ má ṣe dúró ti ẹ̀rọ yìí pẹ̀lú agbádá tàbí bùbá ọlọ́wọ́ fífẹ̀. Ẹ̀rọ kì í tú ohun tí ó bá ti gbá mú sílẹ̀.

Òkèèrè ni mo wà. Ṣé ẹ lè fi igi ránṣẹ́ sí mi kí n fúnra mi yí i?

Kálámù tí ó ti parí ni mo lè fi ránṣẹ́. Òfin Nàìjíríà kò gbà kí a kó igi gẹdú tàbí pákó tí a kàn là jáde kúrò nílẹ̀ yìí. Láti oṣù Kejì ọdún 2023 sì ni àdéhùn àgbáyé CITES (èyí tí ó ń ṣọ́ òwò ewéko àti ẹranko tí ó lè run) ti fi apá, ọ̀gánwó àti ìdílé igi osùn ti ilẹ̀ Áfíríkà sábẹ́ ìṣọ́, tí gẹdú àti pákó wọn kò lè kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ. Ní ti igi ọlọ́jọ́ lórí tí ó wà nínú ìdílé yín, ọ̀nà tí ó rọrùn ni pé kí ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó wà nílé gbé e wá fún mi.

Tàdáwà rẹ̀ ńkọ́, bí ó bá tán?

Ẹ yí kálámù náà ní àárín, ẹ fà á yà, ẹ yọ ti àtijọ́, ẹ ki tuntun bọ̀ ọ́. Slimline ń gba irú tàdáwà ti iléeṣẹ́ Cross; àwọn tí ó sanra jù ú lọ sábà máa ń gba irú ti iléeṣẹ́ Parker, èyí tí ó rọrùn láti rí ní ilé ìtàwé.

Báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó, kí sì ni ó ń mú owó rẹ̀ lọ sókè?

Kálámù kan tí kò ní ọnà lè gbà mí ní wákàtí méjì, láìka dídúró de gúlúù. Èyí tí ó ní ọ̀já lè gba ọjọ́ mẹ́rin, nítorí pé ìgbà mẹ́rin ni gúlúù yóò gbẹ. Irin inú rẹ̀ ni ó ń pinnu ìdajì owó, ọnà sì ni ó ń pinnu ìyókù. Igi fúnra rẹ̀ kò wọ́n. Bí ó bá jẹ́ igi tiyín, mi ò ní yọ owó kúrò nítorí rẹ̀, torí pé igi tí ẹ gbé wá máa ń gba àkókò ju igi tí mo ti gbẹ fúnra mi lọ.

Kálámù mi ti là. Ṣé a lè tún un ṣe?

Bí ó bá là díẹ̀, tí ìka kò kọ́ níbẹ̀, a lè da súpà gúlúù tí ó ṣàn sínú rẹ̀, kí a tún un ha, kí a sì tún un mú dán. Bí ó bá là láti orí dé ìdí, n óò fi irin ìlùhò gbẹ́ igi náà kúrò lórí irin rẹ̀, n óò sì yí igi mìíràn fún un. Ẹ gbé e wá pẹ̀lú gbogbo ègé tí ó bọ́, kódà èyí tí ó kéré bí ìrẹsì, kí ẹ má sì fi gúlúù ilé lẹ̀ ẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi.